Ojú Ọpọ́n, Òjé Ìtẹ̀wé àti Báìtì: Bí Àmì Ṣe Ń Di Àwòrán ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá



Orí ẹbọ kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀nà òdì ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ọmọ Ẹ̀gbá kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ awo kan ní Abẹ́òkúta pé kí ó bá òun wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu Ifá. Awo náà fi ikin dífá, Ogbè Yẹ̀kú ni ó sì yọ lójú ọpọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti kọ ètò kan tí í máa sọ àmì odù di àwòrán, kí ẹni tí ó wà lókèèrè lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó yọ. Bí bàbá ti ń tẹ àmì sínú ìyẹ̀rosùn ni ọmọ náà ń tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, ó sì fi àwòrán tí ó jáde ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀ṣẹ́ Méjì ni àwòrán náà fi hàn. Obìnrin yìí gbé e lọ bá awo mìíràn tí ó wà nítòsí rẹ̀, ìyẹn sì ka ohun ẹbọ Ọ̀ṣẹ́ Méjì fún un. Owó ti fẹ́ kúrò lápò kí ó tó pe Abẹ́òkúta láti dúpẹ́, tí bàbá sì bi í pé, "Ọ̀ṣẹ́ Méjì wo, ọmọ mi?"

Kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú wọn. Gbogbo àmì mẹ́jọ tí bàbá tẹ̀ ni ọmọ náà tẹ̀. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀, kò sì fi ọ̀kan kún un. Àmì pé, odù yí padà. Èmi ni wọ́n pè pé kí n bá wọn wò ó, nítorí mo mọ díẹ̀ nínú iṣẹ́ méjèèjì. Ohun tí mo rí níbẹ̀ mú mi padà sínú ìtàn ilẹ̀ Ẹ̀gbá, nítorí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àmì ń ṣí kúrò nínú ohun kan bọ́ sínú òmíràn ní Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọwọ́ awo. Ikin mẹ́rìndínlógún ni ó ń kó sí àtẹ́lẹwọ́, tí ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbà wọ́n kúrò lọ́wọ́ òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù sí ọwọ́ òsì, ìlà méjì ni yóò tẹ̀. Bí ẹyọ méjì bá ṣẹ́kù, ìlà kan ni. Bí kò bá ṣẹ́kù rárá, tàbí tí ó bá ju méjì lọ, kò ní tẹ nǹkan kan. Yóò tún ikin gbà. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ó bá tẹ àmì, ọ̀kan nínú ohun méjì péré ni ó lè jẹ́, kò sí ẹ̀kẹta. Ìgbà mẹ́jọ ni yóò tẹ̀ ẹ́ kí odù tó pé.

Níbo ni àmì kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí? Àkọ́kọ́ bọ́ sí apá ọ̀tún lókè. Èkejì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní apá òsì. Ẹ̀kẹta padà sí ọ̀tún, lábẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹrin sí òsì, lábẹ́ èkejì. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, títí ìpele mẹ́rin yóò fi pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí awo bá fẹ́ pe orúkọ odù, kì í kà á bẹ́ẹ̀. Apá ọ̀tún lódindi ni yóò kọ́kọ́ kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò pe orúkọ rẹ̀, kí ó tó kà apá òsì. Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kọ́ ni a ṣe ń kà á. Ẹ bá mi fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí inú rẹ̀ ni ọmọ awo wa ti ṣubú.

Ti ọ̀pẹ̀lẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Èso mẹ́jọ ni ó wà lára rẹ̀, mẹ́rin ní ọ̀tún, mẹ́rin ní òsì, tí awo sì ń jù wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí ó bá ṣí inú sókè jẹ́ ìlà kan, èyí tí ó bá dojú dé jẹ́ ìlà méjì. Ohun tí ikin ń sọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ń sọ ọ́ lápapọ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ dífá kò lè ṣe irú àṣìṣe tí à ń wí yìí, nítorí apá méjèèjì ti yà sọ́tọ̀ kí ó tó balẹ̀.

Apá kan ní ìpele mẹ́rin, ìpele kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, nítorí náà oríṣi 16 ni apá kan lè jẹ́. Nígbà tí a bá so ọ̀tún mọ́ òsì, 16 lọ́nà 16, ó di 256. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn ni ojú odù, tí ọ̀tún àti òsì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ìyẹn àwọn Méjì. 240 tí ó kù ni ọmọ odù.

Nítorí 256 yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń sọ kiri pé Ifá ni baba kọ̀ǹpútà, pé àwọn òyìnbó wá jí i gbé ni. Mo mọ ìfẹ́ tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọwọ́ sí i, nítorí ìtàn kò gbè é. Leibniz, onímọ̀ ará Jámánì, tẹ ìwé jáde ní 1703 lórí ìṣirò tí ó ní oókan àti òdo nìkan, odù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ti àwọn ará Ṣáínà ni ó sì tọ́ka sí níbẹ̀, kì í ṣe tiwa. Ọ̀rọ̀ náà "báìtì" fúnra rẹ̀, Werner Buchholz ni ó dá a sílẹ̀ ní 1956 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ IBM, báìtì kò sì kọ́kọ́ dúró lórí iye kan pàtó. Ẹ̀rọ System/360 tí IBM gbé jáde ní 1964 ni ó mú kí báìtì oní-bíìtì mẹ́jọ di ohun tí gbogbo ayé gbà. Ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ ni pé ìṣirò kan náà ni: ohun méjì tí a yàn ní ìgbà mẹ́jọ yóò jẹ́ 256 níbikíbi tí ènìyàn bá ti ṣe é, ìbáà ṣe ní Ifẹ̀, ìbáà ṣe ní Amẹ́ríkà. Àwọn baba wa ti mọ èyí, wọ́n sì ti ń lò ó kí báìtì tó ní orúkọ. Ìyẹn tó fún mi. Kò yẹ kí a fi irọ́ kún ohun tí ó ti níyì tẹ́lẹ̀.

Ìbátan tí ó wà láàárín méjèèjì jinlẹ̀ ju iye lọ. Báìtì kan ṣoṣo kò mọ ohun tí òun jẹ́. Ó lè jẹ́ lẹ́tà, ó lè jẹ́ iye owó, ó lè jẹ́ àwọ̀. Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti kọ ẹsẹ Ifá sórí íntánẹ́ẹ̀tì rí, tí gbogbo "ẹ" inú rẹ̀ sì di "áº¹". Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀. Báìtì mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ "ẹ" wa, 225, 186 àti 185. Kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ pé lẹ́tà kan ni wọ́n jọ jẹ́ á ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí lẹ́tà ọ̀tọ̀. Ìlà inú ìyẹ̀rosùn náà bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ọ̀tún wà àti ibi tí òkè wà, erùpẹ̀ tí wọ́n fi ìka fà ni yóò rí.

Àwọn àgbà ti rí ìṣòro yìí, wọ́n sì ti yanjú rẹ̀ lára ọpọ́n. Ojú Èṣù tí wọ́n gbẹ́ sí etí ọpọ́n kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Nígbà tí awo bá gbé ọpọ́n kalẹ̀, ojú yìí ni í máa kọjú sí i láti òdìkejì. Nípa bẹ́ẹ̀, òkè ti yà sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀, ọ̀tún ti yà kúrò lára òsì, kí ikin tó jáde nínú àpò. Nígbà tí wọ́n bá nu ìyẹ̀rosùn, àmì á parẹ́, ojú Èṣù á wà níbẹ̀. Ọpọ́n kan wà ní ìlú Ulm ní Jámánì, tí a kó lọ láti Àláàdà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí. Ó ti wà nínú àkójọ oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Weickmann, tí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ ohun inú rẹ̀ ní 1659. Kò sí ẹni tí ó mọ odù tí ó yọ lórí rẹ̀ kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ọpọ́n ṣì lè tọ́ka sí ibi tí òkè rẹ̀ wà títí di òní.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Ẹ̀gbá sọ pé kí Ṣódẹkẹ́ tó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí abẹ́ Olúmọ ní 1830, wọ́n dífá, wọ́n sì dárúkọ Tẹ́júoṣó ará Ìkìjà mọ́ àwọn awo tí ó dá a. Ìlú tí a fi ọ̀rọ̀ ojú ọpọ́n tẹ̀dó ni, ṣùgbọ́n kò pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà tí irú àmì mìíràn fi wọlé. Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Abẹ́òkúta ní 1854, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde, tí ó jẹ́ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Òjé ni wọ́n fi rọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ojú lẹ́tà náà sì wà ní òdì. Ẹni tí ń to òjé ń to ọ̀rọ̀ ní ìdojúdé, ẹsẹ̀ lẹ́tà sókè, orí nísàlẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kà bẹ́ẹ̀ kí tádàwà tó kàn án. Nígbà tí bébà bá bọ́ lé e, òdì á di gígún. Bí wọ́n ṣe ń tò ó kọ́ ni a ṣe ń kà á. Mo máa ń rò ó pé ọmọ Ẹ̀gbá tí bàbá rẹ̀ jẹ́ awo, tí òun sì wọlé lọ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, kò ní rí ohun àjèjì nínú èyí, nítorí ó ti rí i nílé.

Ìwé Ìròyìn kò pẹ́ láyé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, ní àkókò tí a ń pè ní Ìfọ́lé, wọ́n lé àwọn òjíṣẹ́ òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, ìwé náà sì kú. Ṣùgbọ́n àṣà fífi òjé tẹ ọ̀rọ̀ kò kú. Nígbà tí ó yá, Ifá pàápàá bọ́ sínú rẹ̀. E. M. Lijadu, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ṣe ajíhìnrere ní Oǹdó, tẹ ìwé kan jáde lórí Ifá ní 1898, ó sì tẹ òmíràn lórí Ọ̀rúnmìlà ní 1908. Onígbàgbọ́ ni, ohun tí ó sì ń wá nínú Ifá kọ́ ni ohun tí awa ń wá níbẹ̀. Síbẹ̀, ó jókòó ti àwọn awo, ó sì kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju bí mo ṣe ń bá a jiyàn lọ. Láti ìgbà náà wá ni ìwé lórí Ifá ti ń pọ̀ sí i, tí àwọn atẹ̀wé sì ń fi igi òòró kan tàbí méjì dúró fún ìlà ojú ọpọ́n. Inú bébà ni ojú Èṣù ti kọ́kọ́ sọnù. Ojú ìwé ní òkè àti ìsàlẹ̀ tirẹ̀, àwọn òǹkàwé sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n apá òsì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé, apá ọ̀tún ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka odù. Mo ti rí ọmọ ilé ìwé tí ó mọ ìwé kà dáadáa tí ó ń pe Ogbè Yẹ̀kú ní Ọ̀yẹ̀kú Logbè, nítorí pé ojú rẹ̀ lọ sí òsì lákọ̀ọ́kọ́.

Ní 1957, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Russell Kirsch, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà, gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta sínú ẹ̀rọ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀rọ náà pín fọ́tò sí ẹyọ 176 ní ìbú, 176 ní òòró, ó sì ń bi ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé dúdú ni ọ́, àbí funfun? Ìdáhùn 30,976 ni ó jáde, tí ìkọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun méjì. Ìyẹn ni fọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ kà sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá mọ ikin yóò mọ iṣẹ́ yìí nígbà tí ó bá rí i.

Nígbà tí ó yá, wọn kò fi ìbéèrè náà mọ sí dúdú àti funfun mọ́. Wọ́n fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní báìtì kan, kí ó lè ní ipele 256: òdo ni dúdú biribiri, 255 ni funfun báláú, eérú ni gbogbo ohun tí ó wà láàárín wọn. Bí ẹ bá rí ojú ewé Ìwé Ìròyìn àtijọ́ lórí fóònù yín lónìí, bébà tí ó ti pọ́n, tádàwà tí ó ti ṣá, irú báìtì bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ lábẹ́lẹ̀, ìlà lórí ìlà.

Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n kó 30,976 ìdáhùn Kirsch lé ọ lọ́wọ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Òkìtì ni. Bí ẹ bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìbú rẹ̀ jẹ́ 176, ojú ọmọ á yọ. Bí ẹ bá ṣì í, tí ẹ wí pé 175 ni, ìlà kọ̀ọ̀kan á fi ẹyọ kan yẹ̀ kúrò nídìí èyí tí ó wà lókè rẹ̀, gbogbo àwòrán á sì wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí aṣọ tí wọ́n fà ní igun kan. Ìdí nìyí tí fáìlì àwòrán fi ń ní ìṣíde: fáìlì PNG ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú báìtì mẹ́jọ tí kì í yí padà, tí 137 ṣíwájú wọn, kí ó tó wá sọ ìbú rẹ̀, òòró rẹ̀ àti irú àwọ̀ tí ó ní. Iṣẹ́ ojú Èṣù lára ọpọ́n ni ìṣíde yìí ń ṣe. Báìtì tútù tí kò ní ìṣíde kò lè sọ ohunkóhun nípa ara rẹ̀. Ẹni tí ó kọ kóòdù ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n láti ibòmíràn, kí ó sì wí i jáde. Ẹni tí ń lo Pillow, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń lò pẹ̀lú Python, kò lè pe `Image.frombytes` láìsọ irú àwọ̀ àti ìwọ̀n lákọ̀ọ́kọ́. Bí kò bá sọ ọ́, iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì sọ ọ́ òdì, àwòrán lè jáde síbẹ̀, ìyẹn ni ó léwu jù.

Mo fẹ́ kí ẹ rí iye ohun tí ó lè yí padà. Ẹ jẹ́ kí ìlà kan jẹ́ oókan, kí ìlà méjì jẹ́ òdo, kí apá ọ̀tún sì ṣíwájú. Ogbè Yẹ̀kú á di 11110000, tí í ṣe 240 (ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe 240 ti ọmọ odù o, iye báìtì ni). Bí a bá wá fi òsì ṣíwájú ọ̀tún, ó di 00001111, tí í ṣe 15, Ọ̀yẹ̀kú Logbè. Ká sọ báìtì méjèèjì di àwọ̀ ẹyọ àwòrán kan: èkínní fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán. Ìlà kan náà ni. Àwọn Méjì mẹ́rìndínlógún nìkan ni irú àṣìṣe yìí kò lè mú, nítorí ọ̀tún wọn ni òsì wọn. Gbogbo 240 tí ó kù ni yóò di odù mìíràn.

Òmíràn ni kí òkè di ìsàlẹ̀. Fáìlì tí wọ́n ń pè ní BMP sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ìsàlẹ̀ àwòrán lọ sókè, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, àwòrán á dorí kodò mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí odù bá dorí kodò, Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí á dúró bí wọ́n ti wà. Ṣùgbọ́n Ìrosùn á di Ọ̀wọ́nrín, Ọ̀bàrà á di Ọ̀kànràn, Ògúndá á di Ọ̀sá, Ìká á di Òtúúrúpọ̀n, Òtúrá á di Ìrẹtẹ̀, Ọ̀ṣẹ́ á di Òfún. Ẹ tún àwọn orúkọ yìí kà díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ti ń tẹ̀ léra wọn ní ipò, bí a ti ń kà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú, nìyẹn! Àwọn méjì tí ó ń yí sí ara wọn ni àwọn àgbà fi ẹ̀gbẹ́ wọn ti ara wọn. Mẹ́rin àkọ́kọ́ tí kò lè yí ńkọ́? Ẹ sọ ìlà kan di méjì, kí ẹ sọ méjì di ọ̀kan: Ogbè á di Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì á di Òdí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ka ipò odù kí n tó rí èyí, orí kọ̀ǹpútà ni mo sì ti rí i, ojú tì mí díẹ̀ láti sọ ọ́.

Yíyí ìlà kan sí méjì yìí ni ẹ̀kẹta nínú àṣìṣe náà, òun ni ó sì le jù, nítorí kò sí odù kan nínú 256 tí kò ní mú. Ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá rò pé oókan ni dúdú, tí ẹlòmíràn sì rò pé òdo ni. Àwọn aládìrẹ wa ní Ìtòkú kò lè ṣe irú rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ pé ibi tí òun bá fi ẹ̀kọ láfún ya ni aró kò ní mu, pé ohun tí òun ń yà ni yóò mọ́lẹ̀, tí ibi tí òun fi sílẹ̀ yóò sì dúdú. Òdì ni ó ń yà, ó sì mọ̀ pé òdì ni.

Ó wá ku ti ọmọ awo wa. Kò yí òkè sí ìsàlẹ̀, kò yí ọ̀kan sí méjì, bẹ́ẹ̀ ni kò fi òsì síwájú ọ̀tún. Ó jókòó ti bàbá, ó sì ń tẹ àmì bí wọ́n ti ń wọlé: ìlà kan, ìlà méjì, ìlà kan, ìlà méjì, nítorí pé Ogbè Yẹ̀kú ni, ọ̀tún ní ọ̀kan, òsì ní méjì, ìpele lórí ìpele. Nínú kọ̀ǹpútà, ó di 10101010. Nígbà tí kóòdù rẹ̀ wá fẹ́ ya àwòrán, ó mú mẹ́rin àkọ́kọ́, ó ní apá ọ̀tún nìyí. Ó mú mẹ́rin ìkẹyìn, ó ní apá òsì nìyí. Ọ̀kan, méjì, ọ̀kan, méjì: Ọ̀ṣẹ́. Èkejì náà, Ọ̀ṣẹ́. Àwòrán náà gún, ó mọ́, ó dọ́gba, kò sí ẹni tí yóò wò ó tí yóò fura sí i. Ó tẹ̀ ẹ́ bí awo ti ń tẹ̀ ẹ́, ó tún kà á bí a ti ń tẹ̀ ẹ́.

Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ àwòrán mọ àṣìṣe yìí dunjú. Àwọ̀ mẹ́ta, pupa, ewé àti búlúù, ni àwòrán aláwọ̀ ní, àwọn fáìlì kan sì ń kó wọn ní àdàlù: pupa, ewé, búlúù, lẹ́yìn náà pupa, ewé, búlúù. Àwọn mìíràn á kó gbogbo pupa tán kí wọ́n tó kó ewé. Ẹni tí ó bá fi ọ̀nà ọ̀kan ka èkejì á rí àwòrán tí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Fọ́tò ní àánú bẹ́ẹ̀. Odù kò ní in, nítorí gbogbo báìtì 256 ni odù tí ó wà lóòótọ́, tí ó ní orúkọ, tí ó ní ẹsẹ, tí ó ní ẹbọ. Kò sí àmì mẹ́jọ tí a lè tò tí kò ní jẹ́ ohùn Ifá fún ẹnì kan. Ẹ̀rọ kò lè sọ fún wa pé òun ti ṣìnà.

Ìlà kóòdù kan ni a yí: ẹyọ kìíní, ẹ̀kẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje lọ sí ọ̀tún, èkejì, ẹ̀kẹrin, ìkẹfà àti ìkẹjọ lọ sí òsì. Ogbè Yẹ̀kú sì yọ. Ọmọ náà gbé e tọ bàbá lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó." Bàbá gba fóònù, ó yí i sí òòró, ó yí i sí ìbú, àwòrán náà sì ń bá a yí bí fóònù ti í máa ṣe. Ó ní, "Ó dára. Ojú Èṣù rẹ̀ dà?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Obìnrin tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti rú ẹbọ tirẹ̀, èyí tí Ogbè Yẹ̀kú wí. Àwòrán tí ó ń jáde láti ilé awo náà báyìí ní ojú kékeré kan lókè, orúkọ odù wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà, báìtì rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà fún ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ awo kì í sì í fi í ránṣẹ́ kí bàbá tó gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n, kí ó wo èyí, kí ó wo ìyẹn, kí ó tó fi ọwọ́ nu ìyẹ̀rosùn.